Ọjọ́ tí wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọn ló yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀

Alẹ́ Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2019. Ahmed Hussein-Suale ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní Madina, nílùú Accra, ládùúgbò tó ń gbé. Bó ṣe dẹ eré sílẹ̀ ní oríta kan ni àwọn ọkùnrin méjì tó ti ń dọdẹ rẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n sì yìnbọn fún un. Ọta mẹ́ta ló bà á, ọ̀kan lọ́rùn, méjì láyà. Kò délé mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn sọ fún BBC pé nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ibi yìí tán, ọ̀kan nínú wọn kọjú sí àwọn tó ń wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ìka kan lé ètè pé kí wọ́n panu mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí. Ilé ẹjọ́ kankan kò tí ì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ẹni tó rán àwọn apànìyàn yẹn níṣẹ́ ń jẹun, ó ń sùn, ó ń jí. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, a ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ikú Hussein-Suale ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù púpọ̀ ṣáájú alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwòrán ojú rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn, tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn nà án, tí àwọn agbófinró sì ń wòran.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá pé kí ló kan Yorùbá nínú òkú ará Ghana, kó lọ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ṣakí léèrè. Kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì kúrò nílùú lọ́dún 1969, ọjà Kumasi àti Tamale kún fún bàbá àti ìyá wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì ṣì wà níbẹ̀ dòní olónìí. Ṣùgbọ́n ti ìbátan kọ́ nìkan ni a tìtorí ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ojú ewé olóòtú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Madina ti ṣẹlẹ̀ l'Ékòó rí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní Burkina Faso. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà dé.

Iléeṣẹ́ Tiger Eye PI ni Hussein-Suale ń bá ṣiṣẹ́, lábẹ́ Anas Aremeyaw Anas, akọ̀ròyìn tí gbogbo Ghana mọ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ojú rẹ̀, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń fi bojú nígbàkígbà tó bá jáde síta. Anas ni òkìkí ń kàn. Irú Hussein-Suale ló ń lọ jókòó ti àwọn tó ń gba rìbá. Wọ́n á díbọ́n bí oníṣòwò, tàbí bí ẹni tó ní ẹjọ́ nílé ẹjọ́. Wọ́n á fi kámẹ́rà kékeré pamọ́ sára. Wọ́n á fi oṣù púpọ̀ bá ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n á gbé owó lọ síwájú rẹ̀, wọ́n á sì dúró títí yóò fi nawọ́ gbà á. Iṣẹ́ sùúrù ni, iṣẹ́ ewu sì ni, torí ọjọ́ tí onítọ̀hún bá fura, inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì ni akọ̀ròyìn náà wà.

Lọ́dún 2015, wọ́n gbé fíìmù kan jáde nípa àwọn adájọ́ Ghana. Adájọ́ 34 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn 12 nínú wọn jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Àwọn kan gba owó. Àwọn kan tilẹ̀ gba ewúrẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré ti pàdánù iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tíyẹn já sí fún mẹ̀kúnnù. Obìnrin kan wà tó ti tọrọ owó ọkọ̀ láti wá gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gba ilé lọ lọ́wọ́ òfo, kò sì mọ̀ títí ayé pé ohun tí ẹnìkejì gbé wọ ilé adájọ́ lálẹ́ àná ló dá ẹjọ́ náà. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ní agbẹjọ́rò tó lè bá a wádìí adájọ́. Àwọn akọ̀ròyìn yìí ló bá a wádìí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọ́n wá kan bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n fi fíìmù tí wọ́n pè ní Number 12 han gbogbo ayé ní Accra. Nínú rẹ̀, rẹfirí lẹ́yìn rẹfirí ń gba owó kó tó wọ pápá. Ọ̀kan jẹ́ ará Kenya tó ti ń múra àtilọ ṣe olùrànlọ́wọ́ rẹfirí ní ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Rọ́ṣíà. 600 dọ́là péré ló gbà, ìrìn àjò náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ghana fúnra rẹ̀, Kwesi Nyantakyi, wà nínú fíìmù náà nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan, ó ń kó 65,000 dọ́là sínú ọ̀rá. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olówó láti ilẹ̀ Arébíà ló kó owó náà fún un. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. FIFA ní kò gbọdọ̀ bá bọ́ọ̀lù ṣe mọ́ títí ayé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn eré ìdárayá ló wá dín in kù sí ọdún 15.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ta ni kò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́ fún ọ̀dọ́ tí kò ní nǹkan mìíràn? Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn ní Tamale gbàgbọ́ pé bí ẹsẹ̀ òun bá mọ̀ ọ́n gbá, òun á dé ibi tóun ń lọ. Àwọn akọ̀ròyìn yìí fi hàn án pé àwọn kan ti tà á kó tó wọ pápá.

Ní àsìkò tí ariwo fíìmù náà gba ìlú kan ni Kennedy Agyapong, aṣòfin tó ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn tirẹ̀, fi àwòrán Hussein-Suale hàn lórí tẹlifíṣàn náà. Ó ní ẹni tó léwu ni. Ó ní Madina ló ń gbé. Ó ní bí ó bá yọjú kí wọ́n nà án, ohunkóhun tó bá tìdí ẹ̀ yọ, òun ló máa sanwó rẹ̀. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Fídíò rẹ̀ wà níta títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè wò ó.

Fún akọ̀ròyìn tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì, bí wọ́n bá fi àwòrán rẹ̀ hàn, ó lè bínú, ó lè rẹ́rìn-ín. Fún ẹni tó jẹ́ pé àìmọ ojú rẹ̀ ni ààbò kan ṣoṣo tó ní, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá. Gbogbo àwọn tó ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ rí, adájọ́, rẹfirí, òṣìṣẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn mọ̀ lọ́jọ́ kan náà bí ojú rẹ̀ ṣe rí àti àdúgbò tó ń sùn. Hussein-Suale kò dákẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ó sọ fún CPJ, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn lágbàáyé, pé látìgbà tí wọ́n ti fi àwòrán òun hàn ni àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà láti ṣe òun ní jàǹbá. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á.

Agyapong sọ pé òun kò mọ nǹkankan nípa ikú náà. Ọlọ́pàá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọn kò sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. A kọ èyí síbí torí pé òtítọ́ ni, torí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Àwọn bàbá wa a máa sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ilé ẹjọ́ kì í fi òwe dájọ́, kò sì yẹ kó fi í dájọ́. Ẹni tó halẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó pa èèyàn. Ẹlòmíràn tó ti ń bínú láti ọjọ́ pípẹ́ lè sá pamọ́ sẹ́yìn ariwo rẹ̀ kó wá ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Nítorí èyí gan-an ló ṣe yẹ kí ọlọ́pàá ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde lẹ́nu, kí wọ́n pe ẹni tó sọ ọ́, kí wọ́n bi í pé kí ló ní lọ́kàn, kí wọ́n ran ẹni tí wọ́n halẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì mọ àwọn tó ń yí ká ilé rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Ghana ń lò láti ọdún 1960 ka ìhàlẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní wọ́n lo òfin yẹn lóṣù kẹfà ọdún 2018, ó ṣeé ṣe kí Hussein-Suale ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá sì pa á náà, ìwádìí á ti ní ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á sì ti bọ́ nínú ìfura tó ń tẹ̀ lé e kiri.

A mọ̀ pé àwọn èèyàn wà, kódà láàárín àwa oníròyìn, tí kò fẹ́ràn ọ̀nà tí Tiger Eye ń gbà ṣiṣẹ́. Wọ́n ní dídẹ páńpẹ́ fún èèyàn ni. Wọ́n ní ẹni tó kó 65,000 dọ́là síwájú ẹnìkan ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣẹ̀. Àríyànjiyàn gidi ni, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí náà kò ní gba akọ̀ròyìn rẹ̀ láyè láti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wà fún irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Anas pe Agyapong lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Lóṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Accra da ẹjọ́ náà nù, adájọ́ sì sọ̀rọ̀ líle sí ọ̀nà tí Anas ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé ẹni tí inú ń bí sí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un nílé ẹjọ́, ó wọlé, wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó rán àwọn oníbọn sí Madina kò wá irú ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí kámẹ́rà rí kò ṣeé jiyàn lé lórí, ló bá ní kí wọ́n fọ́ ojú tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

Kí wá ni ọlọ́pàá ṣe? Wọ́n mú àwọn kan lọ́dún 2019, wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọdún kọjá, òmíràn tún kọjá. Àwọn ará àdúgbò ti sọ pé àwọn rí ojú àjèjì tó ń rìn kiri oríta náà fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó yìnbọn. Ẹni tó bá dúró ní oríta fún ọjọ́ púpọ̀ máa ra omi, ó máa ra nǹkan jíjẹ, ó máa gbé fóònù sétí, òpó iléeṣẹ́ fóònù tó wà nítòsí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà báyìí wà níbí. Kò sí idán nínú irú iṣẹ́ yìí. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè èyíkéyìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìjọba mìíràn ti gorí àlééfà, ni ọlọ́pàá Ghana tó kéde pé ọwọ́ àwọn tẹ afurasí kan. Inú wa dùn sí i pé fáìlì náà kò tí ì kú. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn wa ni pé kí ni wọ́n mọ̀ lọ́dún 2025 tí wọn kò lè mọ̀ lọ́dún 2019?

Ẹ jẹ́ ká wo Ghana fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2018, Ghana ló wà níwájú gbogbo Áfíríkà lójú àwọn tó ń díwọ̀n òmìnira ìròyìn lágbàáyé. Ipò 23 ló wà. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti já wálẹ̀ sí ipò 60. Orílẹ̀-èdè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé òfin tó ń sọ akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́dún 2001 kò yẹ lẹ́ni tó ń bá àwọn aláìláàánú dúró lórí ìlà kan náà.

Nílé tiwa ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Dele Giwa sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ekperi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òní ni bàbá rẹ̀. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló dá ìwé ìròyìn Newswatch sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ológun ránṣẹ́ pè é, wọ́n ka ẹ̀sùn tó wúwo sí i lọ́rùn, títí kan pé ó ń gbèrò láti kó ohun ìjà wọ̀lú. Ó bà á nínú jẹ́, ó bà á lẹ́rù, ó sì sáré sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀, Gani Fawehinmi. Ìhàlẹ̀ nìyẹn, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ti wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 19 oṣù náà, ẹnìkan gbé àpò ìwé kan wá sílé rẹ̀ n'Íkẹjà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbà á wọlé fún un. Orí itan ni Giwa gbé e lé bó ṣe fẹ́ ṣí i. Bọ́ǹbù ni. Kayode Soyinka, tí í ṣe aṣojú Newswatch ní Lọ́ńdọ̀nù, jókòó sínú yàrá kan náà; Ọlọ́run ló yọ ọ́. Giwa kú lọ́sibítù lọ́jọ́ náà.

Gani gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, kò sì jáwọ́ títí tó fi kú. Ìgbìmọ̀ Oputa, tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, pe ààrẹ ológun ìgbà náà, Ibrahim Babangida, àti àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn; wọn kò wá. Gbogbo wọn ló ní àwọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wádìí. Ìwé ìmọ̀ràn yẹn wọ inú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ ló sì wà.

Ti Burkina Faso tilẹ̀ ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Norbert Zongo, olóòtú L'Indépendant, ń wádìí ikú awakọ̀ François Compaoré, àbúrò ààrẹ. Wọ́n jó òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn mọ́ inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Sapouy ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1998. Ìgbìmọ̀ olùwádìí dárúkọ sójà mẹ́fà tó ń ṣọ́ ààrẹ gẹ́gẹ́ bí afurasí. Ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn nígbà náà, wọ́n sì da ìyẹn náà nù lọ́dún 2006. Ó di ọdún 2014 kí ilé ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha tó sọ pé ìjọba Burkina Faso kò sapá tó láti wá àwọn apànìyàn náà rí. A ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí nítorí pé ó fi ohun kan múlẹ̀ lábẹ́ òfin: ìjọba tó jókòó ti fáìlì ti rú òfin, kódà bí kì í bá ṣe òun ló yìnbọn. Ní Malta náà, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa Daphne Caruana Galizia nínú ọkọ̀ lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ sọ lọ́dún 2021 pé ìjọba ní ẹ̀bi nínú ikú rẹ̀ torí pé ewu tó wà lórí rẹ̀ hàn gbangba, wọn kò sì ṣe nǹkankan. Ohun tí a ń sọ láti òkè wá nìyẹn, àwọn adájọ́ ló sì fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ẹ padà sí Èkó. Godwin Agbroko, alága ìgbìmọ̀ olóòtú ThisDay, oṣù kejìlá 2006: wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Abayomi Ogundeji, iléeṣẹ́ kan náà, oṣù kẹjọ 2008. Edo Sule-Ugbagwu ti The Nation, oṣù kẹrin 2010. Láàárín wọn ni Bayo Ohu, igbákejì olóòtú ìròyìn ní The Guardian, tí wọ́n pa ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Àwọn tó pa á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ lọ. Olè tó bá wọ ilé akọ̀ròyìn láti jalè á wá owó. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà akọ̀ròyìn lẹ́yìn tó ti pa á, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló bá wá. Kí ni Ohu ń kọ lọ́wọ́? Ta ló ti pè é lórí fóònù yẹn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú? Ìbéèrè tó yẹ kí ọlọ́pàá ti dáhùn kí wọ́n tó sin òkú rẹ̀ ni.

Àjọ Media Rights Agenda ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ikú wọ̀nyí lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá. Lóṣù kejì ọdún 2024, Adájọ́ Inyang Ekwo dá a pé ìjọba àpapọ̀ kùnà nínú ojúṣe rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n wádìí ikú àwọn akọ̀ròyìn náà, láti orí Dele Giwa títí dé orí Sule-Ugbagwu, kí wọ́n sì gbé àwọn tó ṣe é wá sílé ẹjọ́. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ni, ẹ̀bẹ̀ kọ́. Àjọ náà ti ń pariwo látìgbà náà pé kí ìjọba mú un ṣẹ. A kò tí ì rí agbanipa kan tàbí ẹni tó rán agbanipa tí wọ́n tìtorí àṣẹ yìí gbé dé iwájú adájọ́.

Ẹni tó bá sọ fún wa pé ọlọ́pàá Nàìjíríà kò ní irinṣẹ́, a ó dá a lóhùn pé irọ́ ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìdájọ́ Ekwo kò tí ì pé oṣù mẹ́ta, ọlọ́pàá gbé Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn FIJ, iléeṣẹ́ ìròyìn aṣèwádìí kan, l'Ékòó, nítorí ìròyìn tó kọ nípa owó iṣẹ́ àkànṣe kan. Wọ́n gbé e láìsọ fún ẹbí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Nígbà tó kan ẹni tó kọ ìròyìn, wọ́n mọ ibi tó wà, wọ́n mọ òfin tí wọ́n máa lò, ọkọ̀ wọn ní epo. Nígbà tó bá wá kan ẹni tó pa akọ̀ròyìn, wọ́n á ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ìhàlẹ̀ ṣe máa ń rí fún ẹni tí kò bá rí i rí. Ó ṣọ̀wọ́n kó dé bí ti ẹni tó ní tẹlifíṣàn. Akọ̀ròyìn rédíò kan ní ìlú kékeré á lọ béèrè lọ́wọ́ káńsù pé owó kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn gbẹ́ dà, torí òun dé ibẹ̀ òun kò rí kànga. Lálẹ́ ọjọ́ náà fóònù rẹ̀ á dún. Ohùn náà á tutù pẹ̀lẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá lónìí? A kàn ní ká kí yín ni. Ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kejì yẹn ńkọ́? Ó mà ti dàgbà o." Ó parí. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí ìbọn. Bó bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á bi í pé kí ni ẹni náà sọ gan-an; bó bá sì tún un sọ, wọ́n á ní ṣé kíkí kò dára ni. Bó bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níléeṣẹ́, ọ̀gá á rántí pé káńsù ló ń polówó lórí rédíò wọn, á ní kó rọra ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ètò orin ni wọ́n á fi sí àsìkò tó yẹ kí ìròyìn kànga jáde. Kò sẹ́ni tó kú. Owó kànga náà lọ gbére, àwọn ará abúlé sì ń lọ pọnmi lódò. Bí ọ̀pọ̀ ìwádìí ìwà ìbàjẹ́ nílẹ̀ wa ṣe ń parí rèé, ìbọn kò sì dún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa tẹ̀ sí rèé. Ìbọn jẹ́ ohun tí wọ́n ń lò nígbà tí ìhàlẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n pa ni àwọn tí wọ́n pè lórí fóònù, tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣàn, tí wọ́n ké sí ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí wọn kò sì ju kálàmù sílẹ̀. Bí a bá ń dúró de òkú ká tó pe ọlọ́pàá, ìgbà tí a máa débẹ̀, ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù lọ kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, à ń ké sí agbẹjọ́rò àgbà Ghana pé kó sọ fún gbogbo ayé ibi tí ẹjọ́ Hussein-Suale dé: ta ló wà látìmọ́lé, ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn án, ọjọ́ wo ni ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́. Bí wọn kò bá ní ẹ̀rí tó tó lórí ẹni tí wọ́n mú, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi ẹni tí kò mọ nǹkankan dí ihò. À ń ké sí agbẹjọ́rò àgbà Nàìjíríà pé kó gbé ìdájọ́ oṣù kejì 2024 lé orí tábìlì rẹ̀, kó yan àwọn olùwádìí tí wọ́n máa dárúkọ fún aráàlú, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣì wà láàyè, torí ọjọ́ ń lọ, àwọn ẹlẹ́rìí ń darúgbó. À ń ké sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pé kí ìhàlẹ̀ mọ́ akọ̀ròyìn di ohun tí wọ́n ń ṣí fáìlì fún ní àgọ́ ọlọ́pàá gbogbo, kí akọ̀ròyìn gba nọ́ńbà fáìlì náà kó tó kúrò níbẹ̀.

Àwa tí a ni iléeṣẹ́ ìròyìn náà ní tiwa láti ṣe, ó sì dùn wá pé a ti pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tí ẹnìkan ṣoṣo bá mọ̀ ni wọ́n lè fi ọta mẹ́ta pa. Èyí tí ènìyàn márùn-ún bá jọ mọ̀, ní iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, pípa ẹnìkan kò ní dá a dúró. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, akọ̀ròyìn wa kankan kò ní máa dá nìkan ṣe ìwádìí ìwà ìbàjẹ́. Ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá rí yóò máa wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìròyìn mìíràn tí a ti jọ ṣe àdéhùn. Ìhàlẹ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá sì ṣe sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ìbáà jẹ́ èyí tó tutù bí ìkíni, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde sójú ewé àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà fóònù tó ti wá.